Owó Ẹgbẹ́ Tàbí Ìdúró De Ìpín: Ìtàn Bí Bíà Ọ̀wọ́n Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Olùrà Ní Westvleteren Àti Ní Kalifóníà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn ilé ìpọntí kan ṣe ń pín bíà tí kò pọ̀ tó láti kárí àwọn tó ń fẹ́ ẹ. Ibi méjì ni iṣẹ́ náà dúró lé: ilé àwọn mọ́ńkì Sint-Sixtus ní Westvleteren, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, àti àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà. Àwọn mọ́ńkì fi iye kan pàtó fún olùrà kọ̀ọ̀kan àti àsìkò tó ti fi dúró ṣe òṣùwọ̀n. Ní Kalifóníà, àwọn kan fi ìlà ṣe é, àwọn mìíràn sì fi owó ẹgbẹ́ ṣe é. Iṣẹ́ náà fi hàn pé kò sí ètò kan nínú wọn tí kò ní ẹni tí ó ń fi sẹ́yìn. Síbẹ̀, ètò tó ń ka àsìkò tí olùrà ti fi dúró sún mọ́ ẹ̀tọ́ ju èyí tó ń ta àyè orí ìlà lọ, bí ẹni tó ń tà bá lè fara mọ́ èrè tí yóò pàdánù.

Ìfáàrà

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti gbà nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀ nínú àwo. Ìgbà tí ohun tó wà nílẹ̀ kò bá lè kárí ni ìṣòro máa ń dé. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń jẹ yọ nígbà náà: Ta ni yóò kọ́kọ́ mú? Èló ni yóò mú? Kí ni a ó wò mọ́ ọn lára kí a tó fún un? Ìdáhùn tí àwùjọ kan bá fún àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń fi irú ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tọ́ hàn.

Èsúsú jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn tí àwọn Yorùbá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá, wọ́n sì ń kó o ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹni tó bá ti kó tirẹ̀ yóò dúró títí yóò fi kárí kí ó tó tún kó òmíràn. Owó wà nínú ètò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pọ̀ owó ló ń sọ ẹni tí ó kàn. Yíyí ló ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ bíà ọ̀wọ́n dára láti fi wo ọ̀ràn yìí. Kò sí ẹni tí yóò kú nítorí pé kò rí bíà kan pàtó mu, ìjọba kì í sì í pàṣẹ bí ilé ìpọntí yóò ṣe pín ìgò tirẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà tí òfin gbà láyè láti rà á. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìpọntí kan bá yan ọ̀nà kan tí ó fi òmíràn sílẹ̀, ọkàn ara rẹ̀ ló fi hàn.

Ilé Sint-Sixtus àti Ìlànà Tó Ń Darí Rẹ̀

Abúlé Westvleteren wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹkùn Flanders, nítòsí ìlú Poperinge, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin hop, ewéko tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn rẹ̀. Ní ọdún 1814, anìkàngbé kan tí ń jẹ́ Jan-Baptist Victoor fi igbó Sint-Sixtus ṣe ibùgbé, ó sì ń gbàdúrà níbẹ̀. Ní 1831, àwọn mọ́ńkì láti Catsberg ní ilẹ̀ Faransé wá dara pọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ilé mọ́ńkì ṣe fìdí múlẹ̀ ní àgbègbè náà. Ní 1839, Ọba Leopold Kìíní fún wọn ní ìwé àṣẹ láti máa pọn ọtí.

Ẹ̀ka Trappist nínú ìjọ Kátólíìkì ni àwọn mọ́ńkì wọ̀nyí, ìwé tó sì ń darí ìgbé ayé wọn ni Ìlànà Benedict Mímọ́, èyí tí a kọ ní ọ̀rúndún kẹfà. Orí mẹ́ta nínú ìwé náà kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Orí 34 sọ̀rọ̀ nípa pípín nǹkan: ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe aláìní ni kí wọ́n wò, kí wọ́n má ṣe wo ojú ẹnikẹ́ni. Orí 48 pàṣẹ iṣẹ́ ọwọ́, ó ní ìgbà tí mọ́ńkì bá ń jẹ nínú òógùn ojú ara rẹ̀ ni ó tó jẹ́ mọ́ńkì ní tòótọ́. Orí 57 sì kan ọjà títà: bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú ilé bá ní ohun tí wọn yóò tà, kí iye rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti àwọn ará ìta, kí ojúkòkòrò má baà wọlé. Èyí ni pé kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ èrè lọ àwọn mọ́ńkì yìí ni wọ́n ti ní ìdáhùn lọ́wọ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), àgbègbè Westvleteren bọ́ sí apá kékeré ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí àwọn ọmọ ogun Jámánì kò gbà. Níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun náà tẹ̀, wọ́n ń tú ìkòkò bàbà àwọn ilé ìpọntí kó lọ. Sint-Sixtus nìkan ni ilé ìpọntí Trappist ní Bẹ́ljíọ̀mù tí ìkòkò rẹ̀ kò bá ogun lọ.

Ìpinnu Ọdún 1946

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ìpọntí náà ń gbòòrò. Olórí ilé mọ́ńkì ìgbà náà rí i pé òwò ti fẹ́ borí àdúrà, ó sì pinnu pé kí wọ́n dín iṣẹ́ náà kù. Wọn yóò máa pọn èyí tó tó fún àwọn ará ilé, fún ilé ọtí tó wà nítòsí, àti fún àwọn tó bá wá rà á lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1946, wọ́n fún ilé ìpọntí kan ní abúlé Watou, èyí tí a wá mọ̀ sí St. Bernardus, ní àṣẹ láti máa pọn bíà lórúkọ Sint-Sixtus fún ọjà gbogbogbòò. Àdéhùn náà wà títí di 1992. Nígbà yẹn, ìlànà àwọn Trappist ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé inú ọgbà ilé mọ́ńkì nìkan ni a ti lè pọn bíà tí yóò jẹ́ orúkọ Trappist.

Ìpinnu 1946 yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀wọ́n bíà Westvleteren kò ti ọ̀dá tàbí ogun wá, kò sì wá láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó kó ọjà pamọ́ kí iye rẹ̀ lè gun òkè. Ó wá láti inú òdiwọ̀n tí àwọn tó ń pọn ọ́n fi lé ara wọn lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, iye tí wọ́n ń pọn lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 4,750 hẹkitólítà, ìyẹn nǹkan bí 475,000 lítà. Oríṣi mẹ́ta ni bíà wọn: Blond, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, pẹ̀lú 8 àti 12. Ìgò tí wọ́n ń rọ ọ́ sí kò ní ìwé àlẹ̀mọ́ kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ ìdérí ni olùrà fi ń dá wọn mọ̀.

Ọdún 2005 àti Ètò Tẹlifóònù

Ní ọdún 2005, àwọn olólùfẹ́ bíà tó ń dá ìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ RateBeer yan Westvleteren 12 gẹ́gẹ́ bí bíà tó dára jù lọ ní àgbáyé. Àwọn oníròyìn gbé e kiri. Àwọn ọkọ̀ tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lójú ọ̀nà abúlé náà, ọjà sì tán. Oníṣòwò mìíràn ì bá ra ìkòkò tuntun, tàbí kí ó sọ iye bíà náà di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn mọ́ńkì kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n ṣàlàyé pé nítorí kí àwọn lè máa gbé ayé mọ́ńkì ni àwọn ṣe ń pọn ọtí, pé àwọn kò wá sílé mọ́ńkì nítorí ọtí.

Nígbà tí iye kò yí padà, tí ọjà kò sì pọ̀ sí i, ọ̀nà ìpín ni ó di dandan láti tún ṣe. Wọ́n dín iye kíréètì tí ẹnì kan lè rà kù díẹ̀díẹ̀, láti mẹ́wàá sí márùn-ún, sí mẹ́ta, títí ó fi di méjì tàbí ẹyọ kan. Olùrà gbọ́dọ̀ fi tẹlifóònù bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò wá gbé e fún un. Nọ́ńbà ọkọ̀ kan kò sì lè rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ẹ̀rí owó pé ẹni tó rà á kò gbọdọ̀ tún un tà.

Ètò yìí fi ọwọ́ kan ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù mú. Owó kò lè mú kí ọgọ́ta ọjọ́ di ọgbọ̀n. Àmọ́ ó ní àléébù tirẹ̀. Tẹlifóònù náà kì í sábà wọlé nítorí ọ̀pọ̀ èrò. Ẹni tó ní àyè láti jókòó ti ẹ̀rọ fún wákàtí púpọ̀ ní àǹfààní ju ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ní láti wá ẹni tí yóò lo nọ́ńbà tirẹ̀ fún un, nígbà tí ìdílé tó ní ọkọ̀ méjì lè gba ìpín méjì. Ọkọ̀ ni ètò náà ń kà, kò ka ènìyàn.

Nígbà Tí Àìní Kan Ilé Mọ́ńkì Fúnra Rẹ̀

Ìtàn náà kò gún régé bí ẹní ń fa ìlà. Ní 2011, àwọn mọ́ńkì nílò owó láti tún ilé wọn kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbà kí ilé ìtajà ńlá Colruyt ta àkànṣe àpótí kan káàkiri Bẹ́ljíọ̀mù: ìgò mẹ́fà Westvleteren 12 àti ife méjì, ní yúrò 25. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mú ìwé kékeré kan tó gé láti inú ìwé ìròyìn dání. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 2012, wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní iye tó ga púpọ̀ ju ti ẹnu ọ̀nà ilé mọ́ńkì lọ.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn mọ́ńkì ti yà kúrò nínú ìlànà ara wọn. Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé wọ́n sọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe, wọ́n sì padà sí òdiwọ̀n wọn nígbà tí iṣẹ́ náà parí. Wọn kò sọ àkànṣe ọjà náà di àṣà, wọn kò sì fi ìgbà kankan fún ẹni tó ra àpótí yẹn ní àyè iwájú lẹ́nu ọ̀nà.

Alágbàtà àti Ètò Ọdún 2019

Iye owó tó kéré ní ìjàǹbá tirẹ̀. Bí ohun tí gbogbo ayé ń wá bá wà ní owó pọ́ọ́kú, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún alágbàtà. Ní 2018, ilé ìtajà Jan Linders ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì gbé Westvleteren 12 sórí pẹpẹ rẹ̀, ó sì ń ta ìgò kan ní iye tó súnmọ́ yúrò mẹ́wàá. Lẹ́nu ọ̀nà ilé mọ́ńkì, ìgò kan náà kò tó yúrò méjì. Ọwọ́ àwọn mìíràn ni ilé ìtajà náà ti rí i rà. Àwọn mọ́ńkì kò mọ̀ sí i, wọ́n sì fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn ní gbangba.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, wọ́n gbé ètò títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde láti rọ́pò tẹlifóònù. Olùrà yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ kún un. Òfin ọgọ́ta ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé bí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju bíà tó wà nílẹ̀ lọ, àwọn tó ti pẹ́ jù láti ìgbà tí wọ́n ti rà á gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ rí i rà. Ìlànà yíyí tí èsúsú dúró lé náà nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan kò kọ́ ọ lára èkejì. Ìyára ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan mọ́. Sùúrù ti di ohun tí a ń kà.

Kalifóníà: Láti Orí Ìlà Dé Inú Ẹgbẹ́

Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà ní Amẹ́ríkà. Òfin tó ka ọtí léèwọ̀ níbẹ̀ láti 1920 sí 1933 ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìpọntí jẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì gbé èyí tó kù mì. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé ìpọntí tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò tó ọgọ́rùn-ún. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ará ilé lè pọn bíà fún ìlò ara rẹ̀ láìsan owó orí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ìkòkò ilé ìdáná kọ́ iṣẹ́ náà ló wá dá ilé ìpọntí kéékèèké sílẹ̀. Nígbà tó fi di ìparí 2015, iye ilé ìpọntí ti kọjá 4,131 tó wà ní 1873, èyí tó ti jẹ́ góńgó tẹ́lẹ̀.

Bíà àwọn ilé kéékèèké yìí máa ń wọ́n fún ìdí tó ṣe é fojú rí. Ìkòkò wọn kò tóbi. Àwọn bíà kan ní láti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àgbá igi tí wọ́n ti fi pa wisikí mọ́ rí. Owó ti wọlé sínú àgbá náà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun títà. Àwọn bíà tí hop pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ tí adùn wọn fi ń lọ, a kò sì lè kó wọn jọ pamọ́.

Ilé ìpọntí Russian River ní ìlú Santa Rosa yan ìlà. Láti 2005 ni wọ́n ti ń gbé bíà tí wọ́n pè ní Pliny the Younger jáde fún ìwọ̀nba ọjọ́ lọ́dọọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ife nìkan ni wọ́n ń tà á, wọn kò gba owó ìwọlé, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí iye ife tí ẹnì kan lè mu. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá tò sójú títì láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìlà kò béèrè owó, ṣùgbọ́n ó béèrè ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò fún ní àyè, ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè san irú owó yẹn.

Ilé ìpọntí The Bruery, tí Patrick Rue dá sílẹ̀ ní ìlú Placentia ní 2008, yan ẹgbẹ́. Ìpele ìpele ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn tó wà ní Preservation Society ń gba ìgò àkànṣe lóòrèkóòrè. Àwọn ọmọ Reserve Society ń san owó ọdún kí wọ́n lè ní ẹ̀tọ́ láti ra àwọn bíà tí a kì í tà fún ará ìta, kí wọ́n sì rí ẹ̀dínwó gbà. Lókè wọn ni Hoarders Society wà, tí ìpín tirẹ̀ tún ju ti ìyókù lọ. Àwọn ilé ìpọntí mìíràn náà dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Kò yẹ kí a rò pé ojúkòkòrò lásán ló bí ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ san ṣáájú ń ra àgbá, ó sì ń dín gbèsè báńkì kù. Lẹ́yìn 1933, òfin Amẹ́ríkà ya ẹni tó ń pọn ọtí, ẹni tó ń pín in àti ẹni tó ń tà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé ìpọntí kékeré tó bá rí àyè tà tààrà fún ọmọ ẹgbẹ́ kò ní pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú ẹni méjì mìíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ń sinmi, nítorí ó mọ̀ pé ìpín òun ń dúró de òun.

Ìfiwéra

Bí a bá gbé ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n, a ó rí i pé owó oríṣiríṣi ni wọ́n ń gbà. Ìlà ń gba ọjọ́. Ẹgbẹ́ ń gba náírà tàbí dọ́là. Yíyí ń gba sùúrù. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sùúrù nìkan ni a kò lè rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọlọ́rọ̀ lè háyà ẹni tí yóò bá a tò sí ìlà, ó sì lè san owó ẹgbẹ́ fún ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọjọ́ rẹ̀ kò lè yára ju ti ẹlòmíràn lọ.

Owó ẹgbẹ́ tún ní ìṣòro kan tí a kì í tètè rí. Ẹni tó san án kò tíì ra bíà kankan. Ẹ̀tọ́ láti rà ni ó rà. Kí owó náà má baà ṣòfò, ó lè máa ra ìgò tí òun kò ní mu, kí ó sì tà á fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi san ẹ̀san fún olùrà tòótọ́ yóò wá sọ òun náà di alágbàtà. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìpele bá ti ń pọ̀, àyè orí ìlà fúnra rẹ̀ ti di ọjà.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò gbọdọ̀ yá jù. Àwọn mọ́ńkì kì í gba owó oṣù, wọn kì í sì í fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yá owó láti dá ilé ìpọntí sílẹ̀ kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pín nǹkan bí ti Westvleteren gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tó gbẹ́kẹ̀ lé yàtọ̀ sí èrè, tàbí kí ó kéré tán ya apá kan ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò san owó ẹgbẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló jáde nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé iye owó tó kéré kò tó láti sọ ìpín di ti ẹ̀tọ́. Láìsí òdiwọ̀n fún olùrà kọ̀ọ̀kan, alágbàtà ni yóò jẹ gbogbo àǹfààní rẹ̀. Èkejì ni pé ètò tó dára kì í pé lọ́jọ́ kan: láti ẹnu ọ̀nà dé orí tẹlifóònù, láti orí tẹlifóònù dé íntánẹ́ẹ̀tì, àléébù tí wọ́n rí ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ̀kẹta ni pé ìdọ́gba ń ná ẹni tó ń pín nǹkan ní ohun kan, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ná an kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí olùkọ́. Kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́ta wà, tí ìwé kíkà ogún wà fún wọn, ti di ojúbọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá fún ẹni tó tètè dé, ọmọ tó ń ti oko wá kò ní rí kà. Bí ó bá fún ẹni tí òbí rẹ̀ san owó àfikún, ọmọ tálákà yóò máa na ọrùn. Bí ó bá kọ orúkọ sílẹ̀, tí ó sì ń wo ẹni tó ti pẹ́ jù tí ìwé kàn gbẹ̀yìn, iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà yóò kárí.